Ilẹ̀ Ta Ni, Ẹ̀fọ́ Ta Ni? Àlàyé lórí Ọgbà Àjùmọ̀dá Lókè Òkun

Ẹni tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ́ díẹ̀ á ti rí i rí. Láàárín ilé gogoro méjì, tàbí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí lẹ́bàá ojú irin, ọgbà kan wà níbẹ̀ tí tòmátì, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti ń ṣe dáadáa. Ẹnubodè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, oríṣiríṣi èèyàn wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń tu koríko, kò sì sí ẹni tó jọ ọ̀gá láàárín wọn. Àwọn èèyàn wa á dúró, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé: Ilẹ̀ ta nìyí? Ṣé wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ yìí ni? Ṣé èèyàn lè wọlé? Bí mo bá bá wọn ṣiṣẹ́, kí ni mo máa rí gbà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ á kọjá lọ láìwọlé, torí kò sẹ́ni tó là á yé wọn.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé nǹkan mẹ́ta tó máa ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nílé ti pín sọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbí. Lóko bàbá ẹni, ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni iṣẹ́, òun náà ló ni ìkórè. Nínú ọgbà àjùmọ̀dá, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí iṣẹ́ jẹ́ ti àwọn mìíràn, kí ẹ̀fọ́ tún jẹ́ ti gbogbo àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ilẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Allotment yàtọ̀ sí ọgbà àjùmọ̀dá

Nǹkan méjì yìí ni àwọn èèyàn máa ń pọ̀ mọ́ra jù. Allotment ni ilẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní káńsù, gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń fi háyà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ọdún 1908 sọ ọ́ di dandan fún káńsù láti pèsè ilẹ̀ bí àwọn ará àdúgbò bá ń wá a. Ẹni mẹ́fà péré tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò níbẹ̀, tàbí tí wọ́n ń san owó orí káńsù, lè jọ kọ̀wé, káńsù sì gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: àwọn káńsù àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, bíi Southwark, Lambeth, Lewisham àti Hackney, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí, kò sí lábẹ́ dandan yẹn. Wọ́n lè pèsè rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi òfin yẹn mú wọn bí wọn ò bá ṣe é.

Ìwọ̀n allotment kan láti ayébáyé jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 250. Ẹni tó mọ púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà nílé, ó fi díẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Lóde òní, ìdajì allotment ni ọ̀pọ̀ káńsù ń fún ẹni tuntun, torí àwọn tó tò fún un pọ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù ẹlòmíràn á sì tò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kàn án. Òfin ọdún 1922 sọ pé ẹ̀fọ́ àti èso tí ẹni tó gba ilẹ̀ náà àti ìdílé rẹ̀ máa jẹ ni kó gbájú mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè sọ ọ́ di oko òwò. Òfin ọdún 1950 fàyè gba sísin adìẹ àti ehoro lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ àkùkọ sílẹ̀. Òfin ọdún 1925 sì sọ pé bí káńsù bá ti ra ilẹ̀ kan tàbí yà á sọ́tọ̀ fún allotment, wọn kò lè tà á láìjẹ́ pé mínísítà fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé ẹni tó ní allotment ní òfin tó dúró tì í.

Ọgbà àjùmọ̀dá kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kan pàtó tó sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò ló máa ń kóra jọ, wọ́n á rí ilẹ̀ kan tó ti di ààtàn, wọ́n á wá ẹni tó ni ín lọ, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn tún un ṣe. Onílẹ̀ náà lè jẹ́ káńsù, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, àjọ tó ń fi ilé háyà, tàbí oníṣòwò tó ra ilẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí yóò kọ́lé. Calthorpe Community Garden, tí kò jìnnà sí King's Cross, bẹ̀rẹ̀ ní 1984 lẹ́yìn tí àwọn ará àdúgbò ta ko bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì síbẹ̀. Dalston Eastern Curve Garden ní Hackney ṣí ní 2010 lórí ojú irin àtijọ́ tí ọkọ̀ kò gbà mọ́, ọ̀rọ̀ ilé ìtajà tí wọ́n fẹ́ tún kọ́ lẹ́bàá rẹ̀ sì ti kó ìdààmú bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwé tí wọ́n bá bá onílẹ̀ tọwọ́ bọ̀ ló ń sọ bí ọgbà ṣe máa pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ lease ọlọ́dún gbọọrọ, ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà títí ọdún yẹn á fi pé. Bó bá jẹ́ licence, àyè lásán ni wọ́n fún wọn. Onílẹ̀ lè ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò láàárín oṣù díẹ̀. Bí ọgbà méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹ̀fọ́ wọn rí bákan náà, tí èrò wọn pọ̀ bákan náà, ọ̀kan lè ní ọdún 25 níwájú kí èkejì má ní ju àsìkò gbígbìn kan lọ.

Àwọn àgbà wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó bá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá máa ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún: iṣu díẹ̀, epo díẹ̀, tàbí owó. Bí ohun tó san tilẹ̀ kéré, àmì ni pé ó gbà pé òun kọ́ ló ni ilẹ̀. Onílẹ̀ kì í sì í fẹ́ kó gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, torí igi tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń di ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó gbìn ín. Bí ẹ bá ka àdéhùn ọgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó rí ohun tó jọ ọ́: ìwé náà lè sọ irú igi tí ẹ lè gbìn, bó ṣe lè ga tó, ó sì lè ní kí gbogbo nǹkan wà nínú àpótí onípákó tó ṣeé gbé kúrò. Nígbà tí ẹ bá rí ọgbà tí kò ní igi eléso kan ṣoṣo, ẹ má rò pé wọn ò mọ igi í gbìn. Ó ṣeé ṣe kí onílẹ̀ má gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé ilẹ̀ tó báyìí, ìtàn New York ni mo máa ń sọ fún un.

Láàárín àwọn ọdún 1970, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Ní Lower East Side, ní Bronx, ní Brooklyn, àwọn onílé pa ilé wọn tì torí owó orí rẹ̀ ti ga ju ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ lọ. Iná sun òmíràn, wọ́n wó òmíràn, ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìlú, ó sì di ibi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí. Ní 1973, obìnrin kan tó ń jẹ́ Liz Christy, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pe ara wọn ní Green Guerillas, mú ọ̀kan nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìkóríta Bowery àti Houston. Wọ́n kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ tuntun síbẹ̀, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ 60. Ní 1974, ìjọba ìlú fi ilẹ̀ náà háyà fún wọn ní dọ́là kan lóṣù. Ìṣákọ́lẹ̀ gan-an nìyẹn: owó tí kò lè ra nǹkan kan, àmọ́ tó ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ọgbà yẹn ṣì wà títí dòní, orúkọ Liz Christy ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Àwọn mìíràn rí i, àwọn náà ṣe tiwọn. Àwọn ará Puerto Rico gbin ata àti ẹ̀wà, àwọn aláwọ̀ dúdú tí òbí wọn ti gúúsù Amẹ́ríkà wá gbin ilá àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní collard. Ní 1978, ìjọba ìlú dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ GreenThumb láti máa fún wọn ní ìwé àṣẹ, yẹ̀pẹ̀, pákó àti irinṣẹ́. Ọgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí lé ní 550.

Ọgbà máa ń tún àdúgbò ṣe. Ibi tí èèyàn ń sá fún tẹ́lẹ̀ á di ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, owó ilẹ̀ á gòkè, àwọn tó ń kọ́lé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó ìgò fífọ́ kúrò ló sọ ilẹ̀ náà di olówó ńlá fún ẹlòmíràn. Nígbà tó di 1999, ìjọba Rudolph Giuliani, olórí ìlú nígbà náà, kéde pé wọn yóò ta ọgbà 114 ní gbàǹjo. Àwọn tó ti ń tu koríko níbẹ̀ láti bí ogún ọdún kò ní ju ìwé àyè lásán lọ, ìwé yẹn kò sì lè dá gbàǹjo dúró. Wọ́n figbe bọnu, wọ́n wọ́de, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Nígbà tí ọjọ́ gbàǹjo ti dé tán ni àjọ méjì, Trust for Public Land àti New York Restoration Project tí akọrin Bette Midler dá sílẹ̀, jọ ra gbogbo ọgbà 114 náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.2 dọ́là.

Àwọn kan lára àwọn tí kò sí nínú 114 yẹn kò ríbi sá sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, katakata wó ọgbà Esperanza ní Lower East Side, ọgbà tó ti wà níbẹ̀ láti òpin àwọn ọdún 1970, bí àwọn kan tilẹ̀ sùn sínú rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, Eliot Spitzer, ti gbé ọ̀rọ̀ títa ọgbà dé kóòtù. Ní 2002, òun àti Michael Bloomberg tó gba ipò lẹ́yìn Giuliani fẹnu kò: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọgbà yóò wà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì kọ́lé sórí àwọn kan.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọgbà tí àjọ rà, àjọ ló ni ín, ìjọba kankan kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ tà á. Ọgbà tó wà lábẹ́ ìjọba ìlú ń lo ìwé àṣẹ tí wọ́n ń tún ṣe lóòrèkóòrè, ìwé yẹn sì ní ohun tó ń béèrè. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni pé ọgbà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ó kéré tán wákàtí 20 lọ́sẹ̀, láti oṣù Kẹrin títí dé òpin oṣù Kẹwàá. Ẹ̀yin tó wà ní Brooklyn àti Bronx tí ẹ ń bẹ̀rù láti wọlé, ẹ wo pátákó tó wà lẹ́nubodè. Wákàtí ṣíṣí máa ń wà níbẹ̀. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni, ẹ̀tọ́ yín ni láti wọlé láàárín wákàtí yẹn.

Los Angeles tún burú ju èyí lọ. Oko kan wà ní South Central, ó tó éékà 14, nǹkan bí ìdílé 350 ló ń dá a, ọ̀pọ̀ wọn wá láti Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ìjọba ìlú ta ilẹ̀ náà padà fún ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2006, ọlọ́pàá lé wọn jáde, katakata wọlé. Ìdílé 350, ẹ rò ó wò.

Ta ló ni ẹ̀fọ́?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ìkórè máa ń yàtọ̀ láti ọgbà kan sí èkejì. Ní ibòmíràn, wọ́n á pín bẹ́ẹ̀dì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá hù lórí bẹ́ẹ̀dì yín, tiyín ni, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àmọ́ gbogbo yín lẹ jọ ni ọ̀nà, ẹ̀rọ omi àti ilé irinṣẹ́, ẹ ó sì jọ máa tún wọn ṣe. Ní ibòmíràn, wọ́n ń ta díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ náà fún ilé oúnjẹ láti fi san owó omi, tàbí kí wọ́n kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní.

Ní Todmorden, ìlú kékeré kan ní West Yorkshire, wọ́n gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Pam Warhurst, Mary Clear àti àwọn ará ìlú wọn bẹ̀rẹ̀ Incredible Edible níbẹ̀ ní 2008. Wọ́n gbin nǹkan síwájú àgọ́ ọlọ́pàá, síbi ibùdókọ̀ ojú irin àti síwájú ilé ìlera, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ló sì lè já a. Ọ̀pọ̀ ìlú ti kọ́ ọ lára wọn. Nítorí pé àwọn èèyàn ti gbọ́ nípa Todmorden ni wọ́n ṣe ń rò pé gbogbo ọgbà rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹnubodè tó ṣí sílẹ̀ kò fún yín láṣẹ láti já ẹ̀fọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló fi oṣù mẹ́ta bomi rin ata rodo mẹ́rin tí ẹ rí yẹn. Ẹ béèrè ná.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn tí kò ní tèmi tìrẹ. Gbogbo ẹni tó wá lọ́jọ́ iṣẹ́ ló jọ gbìn, wọ́n á jọ kórè, wọ́n á sì jọ pín in lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí iṣẹ́ bá ti ń parí lọ, wọ́n á kó ohun tí wọ́n já sórí tábìlì kan: ìdì tẹ̀tẹ̀ mélòó kan, abọ́ tòmátì, ẹ̀wà tútù, ewé èéfínrín òyìnbó. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ èyí tí wọ́n máa sè jẹ níbẹ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta nílé á mú tirẹ̀, bàbá tó ń dá gbé á mú díẹ̀, wọ́n á sì ti ìyókù sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn tí ojú ń tì láti nawọ́. A kì í gbé òṣùwọ̀n síbẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò bá ní, àwọn tó ń ṣe é báyìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń gé ẹ̀fọ́ gan-an jẹ́ ara ìpín yẹn. Ẹni tó ti ra ẹ̀fọ́ lọ́jà Bódìjà tàbí Mile 12 mọ̀ pé tòun ti gbòǹgbò ni wọ́n sábà máa ń fa tẹ̀tẹ̀ tu, kí àgbẹ̀ lè gbin òmíràn síbẹ̀ kíákíá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà àjùmọ̀dá. Ẹ jẹ́ kó ga tó ìwọ̀n orúnkún, kí ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé orí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣẹ́ kù sára igi rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan tó kù yẹn ni ẹ̀ka tuntun á ti yọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, igi kan á ti di ẹ̀ka mẹ́rin, ẹni tí kò lè wá lọ́sẹ̀ yìí á sì bá tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tètè máa gé òdòdó rẹ̀ bó bá ti ń yọ. Bó bá ti so èso, ewé rẹ̀ á le, kò ní dùn jẹ mọ́.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́, àti ohun tí físà sọ nípa rẹ̀

Ẹ má pè é ní àáró o. Nínú àáró, bí mo bá bá yín ro oko yín lónìí, ẹ ó bá mi ro tèmi lọ́la, gbèsè ni láàárín wa. Níbí, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹ lè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ lè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹnì kan máa ń wà tó ń darí iṣẹ́, àwọn ọgbà kan ń san owó díẹ̀ fún un, àwọn mìíràn kò san nǹkan kan. Òun ló ń kọ ìwé tọrọ owó ìrànlọ́wọ́, òun ló ń wá ìwé adójútòfò, òun ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí ẹ bá lè ṣe nǹkan kan nínú iṣẹ́ ìwé yẹn, ẹ sọ fún un. Ó máa ń wúlò ju ẹni kan sí i tó di ṣọ́bìrì mú lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Britain gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbì kan. Ìjọba ibẹ̀ ya iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sí ọ̀nà méjì. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní volunteering, ni kí èèyàn kàn wá ran ẹgbẹ́ aláàánú lọ́wọ́: kò sí àdéhùn iṣẹ́, kò sí wákàtí tó di dandan, kò gba ipò òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n sanwó fún, kò sì gba nǹkan kan ju owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán lọ. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní voluntary work, ni iṣẹ́ tó jọ iṣẹ́ gidi, tó ní àdéhùn àti ojúṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí owó oṣù níbẹ̀. Fún ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́, èkíní kò sí lára wákàtí iṣẹ́ tí físà gbà á láyè, àmọ́ èkejì wà lára rẹ̀. Bí wákàtí yín bá jẹ́ 20 lọ́sẹ̀, tí ẹ sì ti ń fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan nínú ọgbà tó sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ iye wákàtí báyìí. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ní yunifásítì yín kí wọ́n bá yín kà á.

Ẹni tó ń tọrọ ibi ìsádi, tí wọn ò tíì gbà láyè láti ṣiṣẹ́ owó, lè ṣe irú èkíní yẹn. Ìyá tàbí bàbá tó wá wo ọmọ pẹ̀lú físà àbẹ̀wò náà lè ṣe é fún ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, bí àpapọ̀ ọjọ́ rẹ̀ kò bá ju 30 lọ. Inú mi máa ń dùn sí èyí. Ìyá àgbà tó ti fi ọdún púpọ̀ gbin ẹ̀fọ́ ní Ìjẹ̀bú, tó wá jókòó sí yàrá kan ní Thamesmead láti àárọ̀ dalẹ́ títí ọmọ fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn ọgbà yìí ń wá kiri.

Yẹ̀pẹ̀ ìlú ńlá

Ilẹ̀ ìlú kì í ṣe ilẹ̀ oko. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé àtijọ́ ní òjé nínú, epo ọkọ̀ náà ní i títí di 1996 ní Amẹ́ríkà àti òpin 1999 ní Britain. Òjé kì í jẹrà. Ó máa ń wà nínú yẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àpótí onípákó tí wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ tuntun kún, tí wọ́n tẹ́ aṣọ tí gbòǹgbò kò lè là kọjá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbé yẹ̀pẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Nǹkan tó ń so, bíi tòmátì, ilá àti ata, kì í fi bẹ́ẹ̀ fa òjé sínú èso rẹ̀. Ewé àti ohun tó ń ta sínú ilẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ewé, yẹ̀pẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo kárọ́ọ̀tì. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, ẹ bó èèpo, ẹ fọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun. Ajílẹ̀ tí wọ́n fi koríko àti èèpo ẹ̀fọ́ jíjẹrà ṣe náà ń ṣèrànwọ́, torí ó máa ń di òjé mú nínú ilẹ̀ kó má lè tètè wọ inú ọ̀gbìn.

Ohun tó máa hù

Tẹ̀tẹ̀ ń ṣe dáadáa ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ooru. Àwọn ará Jàmáíkà ń jẹ ẹ́, callaloo ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn ni ẹ ó sì bá lára àpò irúgbìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbìn ín síta kí ìdajì oṣù Karùn-ún tó kọjá, torí ìrì dídì lè pa á lóru ọjọ́ kan. Ewédú àti ilá ń fẹ́ ooru ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò ni wọ́n ti máa ń ṣe dáadáa ní Britain, nígbà tó jẹ́ pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń so ní New York ní oṣù Keje àti Kẹjọ. Ewúro kò lè la òtútù já níta. Inú ìkòkò ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ sì gbé e wọlé kí oṣù Kẹwàá tó parí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di irúgbìn sínú báàgì láti Nàìjíríà. Britain àti Amẹ́ríkà ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé irúgbìn náà kò ní àrùn, bí kò bá sí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ bi àwọn tó ti wà nínú ọgbà; wọ́n máa ń fi irúgbìn pamọ́ láti ọdún kan sí èkejì, wọ́n á sì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìpàdé ọdọọdún

Nígbà òtútù, tí iṣẹ́ kò pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan alága, akọ̀wé àti akápò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá wọ́n á pín bẹ́ẹ̀dì tàbí wọ́n á jọ dá a, bóyá wọ́n á gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí òdòdó. Àwọn èèyàn wa pọ̀ lọ́gbà nígbà ooru, wọ́n kì í pọ̀ ní ìpàdé yìí, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní ìbò.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n níbẹ̀: ọjọ́ wo ni ìwé ilẹ̀ wa máa parí? Bí wọ́n bá sọ pé ó ku ọdún méjì, àsìkò ti tó láti lọ bá onílẹ̀, láti kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ àdúgbò, láti béèrè fún lease tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí akọ̀wé wá ìwé náà jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí gbogbo yín jọ kà á.